Ògiri mẹ́ta Tarō: ìlú apẹja kan ní Japan àti òkun rẹ̀

Kó tó di ọdún 2011, ohun tí àlejò ń tìtorí rẹ̀ lọ sí Tarō kì í ṣe ẹja, kì í sì í ṣe etíkun. Ògiri ni. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá, wọ́n á gun orí rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò. Àwọn ará Japan fi í wé Ògiri Ńlá ilẹ̀ Ṣáínà, wọn ò sì fi ṣàwàdà. Gígùn rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ mítà 2,433, orí rẹ̀ fi mítà 10 ga ju ojú òkun lọ, ó sì fẹ̀ lókè débi pé èèyàn mẹ́ta lè tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n máa rìn lọ láìfarakanra. Ìlú tí àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 5,000 ló ni gbogbo èyí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, sùnámì, ìyẹn omi òkun tí ìmìtìtì ilẹ̀ gbé dìde, gba orí ògiri náà kọjá. Nǹkan bí 180 èèyàn ló bá a lọ ní Tarō. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ògiri yẹn ló tan àwọn èèyàn tí wọ́n fi jókòó sílé títí ikú fi dé bá wọn. Àwọn mìíràn ní bí kò bá sí ògiri ni, òkú ì bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní tèmi, ìjà tí kò lè parí ni, nítorí tọ̀tún tòsì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ògiri kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta ni. Èrò tí wọ́n fi kọ́ àkọ́kọ́ kò sì jọ èrò tí wọ́n fi kọ́ méjì tó tẹ̀lé e.

Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí

Ìpínlẹ̀ Iwate ni Tarō wà, ní apá àríwá ìlà-oòrùn erékùṣù Honshu, ní etíkun tí wọ́n ń pè ní Sanriku. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti da á pọ̀ mọ́ ìlú Miyako. Etíkun yìí kò tẹ́ rẹrẹ bí èyí tó ní iyanrìn. Òkè ló yọ wọnú omi, omi náà sì ya wọ àárín òkè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọnú ara wọn lọ fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Ibi tí omi bá ti ya wọ ilẹ̀, tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ díẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni abúlé apẹja máa ń wà. Ẹnu ibi tí òkun gbà wọlé máa ń gbòòrò, ìdí rẹ̀ á sì fún. Omi tó bá fi agbára wọ irú ibẹ̀ kò ríbi tẹ́ sí, ńṣe ló máa ń ga sókè.

Omi tútù tó ń ti àríwá bọ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó ń ti gúúsù bọ̀ pàdé ara wọn níwájú Sanriku, ìdí nìyẹn tí ẹja fi pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn láyé lọ. Wakame, ewéko òkun tí wọ́n ń sọ mọ́ okùn nínú omi tó fi ń dàgbà, wà lára ohun tí wọ́n mọ Tarō mọ́. Ìgbín òkun wà níbẹ̀, ẹja salmon sì máa ń gba ẹnu odò wọlé nígbà tí òtútù bá ń bọ̀. Ohun tí ìlú ń jẹ nìyẹn, ohun tó ń tà náà nìyẹn. Àmọ́ nísàlẹ̀ òkun kan náà, ní iwájú lọ́hùn-ún, kòtò jíjìn kan wà níbi tí abala ilẹ̀ kan ti ń rá wọ abẹ́ èkejì. Bó bá há fún ìgbà pípẹ́, tó wá tú lójijì, ilẹ̀ á mì, omi òkun á gbéra.

Ó ti gbéra níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ọdún 1896 àti ọdún 1933

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1896, ilẹ̀ mì ní Sanriku, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ dìde nídìí oúnjẹ. Ọjọ́ ọdún àwọn ọmọkùnrin ni, àwọn ọmọ ogun tó ti ojú ogun Ṣáínà dé sì wà láàárín àwọn èèyàn wọn, àríyá ń lọ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 lẹ́yìn rẹ̀, òkun dé. Èèyàn bí 22,000 ló kú ní gbogbo etíkun náà. Ní Tarō, 1,859 ni. Àwọn tó yè jẹ́ 36, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì jẹ́ ẹni tó wà lójú omi tàbí lórí òkè lákòókò náà. Ó lè yà yín lẹ́nu pé apẹja tó wà ní agbami ló yè, tí ẹni tó wà nílé kú. Sùnámì kì í ga ní agbami. Ó lè gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ má mọ̀ rárá; ìgbà tó bá dé ibi tí omi kò ti jìn ló ń dìde. Irú apẹja bẹ́ẹ̀ á padà wọlé láàárọ̀, á bá pákó ilé ara rẹ̀ lórí omi.

Wọ́n tún kọ́lé padà síbi tí omi ti gbé e lọ. Ó rọrùn fún àwa tó jókòó sí òkèèrè láti bú wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà jẹ́ ti ẹbí, òkun náà ni oko wọn, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí olówó rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ abúlé Sanriku, ìbátan láti ibòmíràn ló wá gba ilẹ̀ àti orúkọ ilé tó ti kú tán, kí orúkọ náà má baà run. Ẹni tí ó wá bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tí omi dé. Ó gbọ́ ìtàn ni.

Ọdún 37 kọjá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1933, ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀ òru, ilẹ̀ mì, ó sì mì gidi lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbà òtútù líle ni. Àwọn àgbà tó mọ ti 1896 ṣì wà láàyè, àmọ́ láwọn ibì kan ní Sanriku, ohun tí àwọn èèyàn ti gbà gbọ́ ni pé sùnámì kì í wá lásìkò òtútù tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere. Ẹlòmíràn ti jáde síta, ó wo ojú ọ̀run, ó padà sórí ibùsùn rẹ̀. Omi tó ga tó mítà 10 wọ Tarō. Nínú èèyàn tó lé díẹ̀ ní 2,700, 911 kú.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ ní Tarō, òkúta tí mo rò pé ó tọ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe òfin ìdènà àjálù kà. Kò sí ewì lára rẹ̀, kò sí ẹkún. Àṣẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Bí ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá bá ṣẹlẹ̀, sùnámì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mì, ẹ wá síbí, kí ẹ sì fara dà á fún wákàtí kan. Ẹ má sá lọ jìnnà, omi á lé yín bá. Ẹ ti múra ibi gíga kan sílẹ̀ nítòsí. Ẹ má kọ́lé sísàlẹ̀ ibi tí ìjọba ti fọwọ́ sí. Wákàtí kan yẹn ló wọ̀ mí lára jù. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé sísá nìkan kọ́ ni iṣẹ́. Dídúró lórí òkè nínú òtútù, lóru, nígbà tí ó dà bíi pé kò sí nǹkan kan tó ń bọ̀, tí aṣọ òtútù sì wà nílé, ìyẹn ló ń pa èèyàn.

Ohun tí Sekiguchi kọ́

Ìjọba ní kí àwọn abúlé etíkun kó lọ sórí òkè. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀. Aneyoshi, abúlé kékeré kan tó wà ní gúúsù Tarō, tí òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán lẹ́ẹ̀mejì, gbé òkúta síbi tó ga tó mítà 60, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sísàlẹ̀ rẹ̀, wọn ò sì kọ́ ọ. Ní 2011, omi gun òkè dé nǹkan bíi mítà 40 ní àfonífojì náà, kò dé ilé kankan. Òkúta yìí lókìkí gan-an báyìí, àwọn oníròyìn kì í sì í sọ̀rọ̀ Sanriku kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀. Àmọ́ ìwọ̀nba ilé díẹ̀ ló wà ní Aneyoshi. Tarō ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé, òkè tó yí i ká dagun, kò sì sí ilẹ̀ títẹ́jú lókè tó lè gbà wọ́n. Sekiguchi Matsutarō, tó jẹ́ olórí abúlé nígbà náà, ní ìpinnu méjì níwájú rẹ̀: kó fọ́n ìlú ká, tàbí kó kọ́ ògiri. Ó mú ògiri.

Ọdún 1934 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Owó tí abúlé fúnra rẹ̀ wá kiri ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá a sílẹ̀, kí ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ tó dá sí i. Ogun àgbáyé dá iṣẹ́ náà dúró, wọ́n padà sídìí rẹ̀ ní 1954, ó parí ní 1958. Mítà 1,350 ni gígùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni kókó wà. Ògiri àkọ́kọ́ kò nàró kojú òkun bí ẹni tó fẹ́ jà. Ó tẹ̀ yí ìlú ká, tó fi jẹ́ pé omi tó bá dé á pín sí ọ̀tún àti sí òsì, á sì gba ojú odò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ìlú wọlé lọ. Láàárín rẹ̀ àti èbúté, wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 10, ìyẹn gíga omi 1933. Omi 1896 jẹ́ mítà 15, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Tarō. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pò kọnkéré ni wọ́n ti mọ̀ pé òkun tó lè gbà á kọjá ti wá rí. Ohun tí wọ́n ń fi ògiri náà rà ni ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i. Ẹsẹ̀ èèyàn ló máa ṣe ìyókù.

Wọ́n tún ìlú tò nítorí ẹsẹ̀ yẹn, apá iṣẹ́ yìí ni àwọn àlejò kì í sì í yà ní fọ́tò. Wọ́n la òpópónà gbọọrọ, wọ́n jẹ́ kí ó dojú kọ òkè, kí ẹni tó bá jáde láti ilé rẹ̀ lóru má nílò àtirò ibi tó máa gbà. Níbi tí ọ̀nà méjì ti pàdé, wọ́n gé igun ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ kúrò, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà kan á lè rí ẹni tó ń bọ̀ láti èkejì, wọn ò ní kọlu ara wọn nínú òkùnkùn, ọmọlanke tó gbé arúgbó á sì lè yí láìdúró. Onílẹ̀ tó wà ní igun ló ń pàdánù ilẹ̀ yẹn. Ẹ rò ó wò: ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú, tí kò ní ju pápá ilé kan lọ, tún gé nínú rẹ̀ fún ẹsẹ̀ ọmọlọ́mọ. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni Tarō ṣe tó tóbi jù, ògiri kọ́ ni mo máa mẹ́nu bà ṣáájú.

Òkìkí

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1960, ìmìtìtì ilẹ̀ tó lágbára jù lọ tí ẹ̀rọ tíì gbà sílẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Chile. Omi rẹ̀ la òkun Pàsífíìkì já fún nǹkan bí ọjọ́ kan kó tó dé Japan, ó sì pa èèyàn tó lé ní 100 níbẹ̀. Ní Tarō, kò pa ẹnì kan. Àwọn oníròyìn sáré débẹ̀, ìlú tí òkun ti pa tán lẹ́ẹ̀mejì wá di ìlú tó ṣẹ́gun òkun. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé omi ọjọ́ náà kéré ní Tarō, kò ga débi tó máa dán ògiri wò rárá. Bí ẹni tó so ońdè mọ́rùn lọ́jọ́ tí ogun kò dé àdúgbò rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ lásìkò àjọyọ̀?

Láti 1962 sí 1966, wọ́n kọ́ ògiri kejì, mítà 582. Láti 1973 sí 1978, wọ́n kọ́ ẹ̀kẹta, mítà 501. Àwọn méjèèjì yọ síwájú, síhà òkun, wọ́n sì pàdé ti àkọ́kọ́ débi pé ẹni tó bá wo ìlú láti ojú ọ̀run á rí lẹ́tà X. Kò sí ẹni tó lè ní ìlú tó ní ògiri méjì kò sàn ju èyí tó ní ẹyọ kan lọ. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Ilẹ̀ tí ìran Sekiguchi fi sílẹ̀ fún omi wá di ilẹ̀ tó ní ògiri níwájú, ilẹ̀ títẹ́jú, tó súnmọ́ èbúté. Ìlú ń dàgbà, àwọn ọ̀dọ́ ń wá ilẹ̀. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀. Bákan náà, apá tó yọ síwájú ní ìlà-oòrùn kò tẹ̀ láti darí omi síbì kan mọ́. Ó kàn dúró, ó kojú òkun.

Mi ò mọ ìpàdé kankan tí ẹnì kan ti dìde sọ pé, “Láti òní lọ, a ti yí iṣẹ́ ògiri yìí padà.” Irú nǹkan báyìí kì í ní ọjọ́. Ilé kan á yọ, èkejì á tẹ̀ lé e, a ó sì wá rí i pé òpópónà tó ní ọkọ̀ àti ọgbà ti wà níbi tí omi yẹ kó ti kọ́kọ́ tàn sí.

Kí a má baà ṣàṣejù, wọn ò gbàgbé òkun pátápátá. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, wọ́n máa ń ṣe ìdánrawò sísá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Tabata Yoshi, tó jẹ́ ọmọ ọdún 8 nígbà sùnámì 1933, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán sórí páálí, ọdún 1979 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé e kiri, ó ń fi sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí bàbá rẹ̀ àgbà, tí ó yè ní 1896, ti kọ́ ọ ló ń kọ́ wọn: bí ilẹ̀ bá mì, má dúró de ẹnikẹ́ni, gun òkè. Ní 2003, ìlú náà kéde ara rẹ̀ ní ìlú tó mọ bí a ṣe ń dènà sùnámì. Mo gbà pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí i. Ó tún jẹ́ gbólóhùn tó ń mú oorun dùn.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta

Aago 2:46 ọ̀sán ni ilẹ̀ mì, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 9.0. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Japan kéde ìkìlọ̀ sùnámì. Fún Iwate, wọ́n ní omi á ga tó mítà 3.

Mítà 3, sí ìlú tó ní ògiri mítà 10. Ẹ̀rọ tó wọn ìmìtìtì náà kò tíì mọ bó ṣe tóbi tó nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀. Wọ́n yára ni, nítorí pé ìyára ló ń gba ẹ̀mí là. Ní aago 3:14 wọ́n gbé e sí mítà 6. Ní aago 3:30 wọ́n ní ó lé ní mítà 10. Àmọ́ iná mànàmáná ti lọ, tẹlifíṣọ̀n ti kú, nígbà tí ìkìlọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta sì fi jáde, òkun ti wọ Tarō ná. Ẹni tó gbọ́ ìkìlọ̀ ẹ̀kíní nìkan, tó sì wo ògiri rẹ̀, ṣe ìṣirò tí ọmọ iléèwé lè ṣe.

Ọ̀pọ̀ ló sá. Bí omi ṣe ń bọ̀ lójú òkun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò rí i, nítorí ògiri tó dáàbò bò wọ́n náà ló dí wọn lójú. Láti ẹ̀yìn rẹ̀, ojú ọ̀run àti kọnkéré nìkan lèèyàn ń rí. Àwọn kan tilẹ̀ gun orí ògiri lọ wo òkun. Omi dé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀. Ó gba orí gbogbo ògiri mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Ògiri kejì, èyí tó kojú òkun ní ìlà-oòrùn, fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku nǹkan kan nínú rẹ̀. Ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ògiri 1934 sí 1958 dúró. Omi gba orí òun náà kọjá, ó wọ ìlú, ó wó ilé, ó pààyàn. Àmọ́ ògiri náà kò wó.

Hòtẹ́ẹ̀lì kan wà nítòsí èbúté, alájà mẹ́fà, Tarō Kankō ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ni ín dúró sí àjà kẹfà, ó fi kámẹ́rà gba bí omi ṣe ń bọ̀. Omi dé àjà kẹrin. Ó jẹ gbogbo ara ilé náà tán ní àjà méjì ìsàlẹ̀, títí tó fi ku òpó irin nìkan, tí èèyàn lè dúró lójú ọ̀nà kó máa wo ìdí ilé náà láti iwájú já sí ẹ̀yìn. Àjà òkè ṣì ní gíláàsì lójú fèrèsé. Ìjọba fi owó tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, láti 2016 sì ni àwọn amọ̀nà ti ń mú àlejò wọ inú rẹ̀ dé àjà kẹfà, inú yàrá kan náà tí wọ́n ti gba fídíò yẹn. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń fi í hàn. Ẹ ò ní rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èèyàn tó lé díẹ̀ ní 4,400 ló ń gbé Tarō nígbà náà. Ní 1896, ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní 1933, ìdá kan nínú mẹ́ta kú. Ní 2011, omi tó ga ju méjèèjì lọ pa nǹkan bí ìdá 4 nínú 100. Ní èbúté, lára ilé tí wọ́n ti ń ṣe yìnyín fún ẹja, wọ́n kọ gíga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: mítà 10 fún 1933, mítà 15 fún 1896, àti lókè pátápátá, mítà 17.3. Nítorí náà ẹni tó bá ní iṣẹ́ ìran Sekiguchi já sí asán kò ka ìṣirò yìí. Ògiri, òpópónà, ìdánrawò àti àwòrán Tabata ló gba àwọn èèyàn yẹn là, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n 180 náà kì í ṣe èèyàn kékeré, ọ̀pọ̀ nínú wọn ì bá sì wà bí òkìkí 1960 kò bá tíì sọ ògiri di ohun tí a gbára lé.

Fudai

Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Tarō á gbọ́ ti Fudai lẹ́yìn rẹ̀, ìtàn náà sì dùn. Abúlé kan ni ní etíkun kan náà, ní àríwá. Sùnámì 1896 àti ti 1933 pa 439 èèyàn níbẹ̀ lápapọ̀. Wamura Kotoku, tó ṣe olórí abúlé láti 1947 sí 1987, ní kí wọ́n kọ́ odi àti ilẹ̀kùn omi tó ga tó mítà 15.5, nítorí pé àwọn àgbà ti sọ fún un pé omi 1896 tó mítà 15. Wọ́n ní ó ga jù, wọ́n ní ó wọ́n jù, wọ́n ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó kọ̀, kò gbà. Ilẹ̀kùn omi náà parí ní 1984. Ní 2011, omi gba orí rẹ̀ díẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ilé abúlé kò rin omi. Ẹnì kan ṣoṣo, tó jáde lọ wo ọkọ̀ rẹ̀ ní èbúté, ni wọ́n ń wá. Wamura ti kú ní 1997. Àwọn ará abúlé lọ sí ibojì rẹ̀ lọ dúpẹ́.

Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi Fudai na Tarō ní pàṣán ti gbé ilẹ̀ sọnù nínú ọ̀rọ̀ náà. Àfonífojì tóóró ni abúlé Fudai wà. Ilẹ̀kùn omi mítà 205 péré ló dí i pa, ó sì wà lókè odò, tó jìnnà díẹ̀ sí èbúté. Tarō ní ẹnu gbayawu, odò ju ẹyọ kan lọ, àti èbúté tó lẹ̀ mọ́ ìlú. Láti kọ́ mítà 15 níbẹ̀ ní 1934, pẹ̀lú owó abúlé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin 911 òkú, kò ṣeé ṣe. Ohun tí Wamura ní tí àwọn tó kọ́ ògiri kejì àti ẹ̀kẹta ní Tarō kò lò ni pé ó mú gíga 1896 gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n, kò mú ti 1933. Wọ́n ní owó ìjọba lọ́wọ́ ní 1962 àti 1973, mítà 10 náà ni wọ́n sì tún kọ́.

Lẹ́yìn náà

Òkè tí kò gba ìlú ní 1933 gbà á báyìí, nítorí katakata wà. Wọ́n gé orí òkè kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n pè é ní Sannō. Àwọn ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí kó síbẹ̀ ní 2015. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó gbé apẹja sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ ti tú ìdí kan tí àwọn bàbá wọn kò fi lè gbé òkè. Ìsàlẹ̀, níbi tí ilé wà láàárín àwọn ògiri tẹ́lẹ̀, òfin kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn síbẹ̀ mọ́. Pápá ìṣeré wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 50, ilẹ̀ omi ti padà di ilẹ̀ omi.

Wọ́n sì kọ́ ògiri tuntun, síwájú ti àkọ́kọ́, mítà 14.7. Ẹni tó bá wo ilé yìnyín ní èbúté á rí i pé ó kéré sí 17.3. Ìjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ọ́ jáde: ògiri náà wà fún sùnámì tó máa ń wá ní ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún sí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá tóbi bíi ti 2011, kí oníkálukú sá. Ọ̀rọ̀ ìran 1934 gan-an nìyẹn, wọ́n kàn kọ ọ́ sínú ìwé lọ́tẹ̀ yìí. Inú àwọn kan kò dùn sí i, nítorí ògiri náà ga débi pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ tún ti pàdánù òkun lójú, pẹ̀lú owó púpọ̀ lórí ìlú tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n ní ẹjọ́, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ojú. Òkun tí èèyàn kò rí, ó ṣòro láti máa bẹ̀rù rẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ìgbìmọ̀ ìjọba kan gbé ìṣirò tuntun jáde lórí kòtò inú òkun tó wà láti Sanriku títí dé iwájú erékùṣù Hokkaido. Wọ́n ní bí ó bá tú ní ọ̀nà tó burú jù, omi lè ga tó mítà 29.7 ní etíkun Miyako, ìlú tí Tarō wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó dábàá ògiri mítà 30.